Àpò tí ìyá rẹ máa tú

"Ẹ kú iṣẹ́, Mà. Ọmọ ọdún 37 ni mí, Kàbà ni mò ń gbé. Wọ́n ti dá ọjọ́ tí wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ ìjù (fibroid) fún mi, ó ku ọjọ́ 11. Dókítà ní mo lè lo ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún ní wọ́ọ̀dù. Ìyá mi ló máa wá láti Ìsánlú wá dúró tì mí. Ìwé tí wọ́n fún mi kò sọ ju kí n mú 'ohun ìmọ́tótó' dání lọ. Kí ni kí n dì, kí ni kí n fi sílé?"

Òkun o, àbúrò mi. Ó dáa tí o béèrè nígbà tí ọjọ́ ṣì kù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí mo gbà wọlé sí wọ́ọ̀dù nígbà tí mo ṣì ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀ ni wọ́n di ẹrù, bí ẹni tó ń sáré lé mọ́tò tó ti gbéra.

Ohun kan wà tí kì í wá sọ́kàn ẹni tó ń di ẹrù: ìwọ kọ́ lo máa tú àpò náà. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣe é, aṣọ ilé ìwòsàn ni wọ́n máa wọ̀ fún ọ lọ sí tíátà. Bí wọ́n bá gbé ọ jáde, oògùn oorun ṣì wà lójú rẹ, dírípù wà lọ́wọ́ kan, rọ́bà ìtọ̀ wà nísàlẹ̀. O ò ní lè bẹ̀rẹ̀ wá nǹkan kan nínú àpò. Ìyá rẹ ni nọ́ọ̀sì máa sọ fún ní aago méjì òru pé, "Màmá, ẹ mú páàdì wá, ẹ mú ìró kan sí i." Bí iná bá ti lọ, tọ́ọ̀ṣì fóònù ló máa fi wá a, ojú àgbà sì ni. Nítorí náà, ìyá rẹ ni kí o di àpò náà fún. Jẹ́ kó ti dé láti Ìsánlú ní ọjọ́ méjì ṣáájú, kí ẹ jọ dì í, kó jẹ́ ọwọ́ rẹ̀ gan-an ló ń kó nǹkan kọ̀ọ̀kan sínú rẹ̀.

Má lo Ghana-must-go. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì tàbí kọ́bọ́ọ̀dù kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni àpò máa wà, àpò tó ga dé orókún á sì máa dí gbogbo èèyàn lọ́nà. Wá àpò kan tó ní síìpù. Kó àwọn nǹkan rẹ sínú láílọ́ọ̀nù tó mọ́ gara, tí èèyàn lè rí inú rẹ̀ láì tú u: aṣọ lọ́tọ̀, páàdì àti pátá lọ́tọ̀, ọṣẹ àti kàìnkàìn lọ́tọ̀. Èyí tí wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè ni kó wà lókè pátápátá, ìyẹn páàdì, ìró kan, pátá kan àti táwẹ́ẹ̀lì kékeré.

Ìwé ló ṣáájú aṣọ. Káàdì ilé ìwòsàn, lẹ́tà tí dókítà kọ, èsì scan àti fíìmù rẹ̀, èsì PCV (èyí tó ń sọ bí ẹ̀jẹ̀ ara rẹ ṣe tó), ìwé tó ní irú ẹ̀jẹ̀ rẹ àti genotype rẹ. Bí o bá ti ṣe iṣẹ́ abẹ kankan rí, mú ìwé rẹ̀ wá, kó tiẹ̀ ti pẹ́ ọdún mẹ́wàá. Ṣe fọ́tókópì ohun gbogbo, fi ẹ̀dà sọ́wọ́ ẹnì kan nílé. Bí o bá wà lórí NHIA, ètò ìṣèdúró ìlera ìjọba àpapọ̀ (àwa àgbà ṣì ń pè é ní NHIS, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin ọdún 2022 ti yí orúkọ rẹ̀ padà), káàdì nìkan kò tó o. HMO rẹ, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó ìṣèdúró náà fún ọ, gbọ́dọ̀ ti fún ilé ìwòsàn náà ní nọ́ńbà àṣẹ fún iṣẹ́ abẹ yìí gan-an. Ọ̀sẹ̀ yìí ni kí o lọ béèrè bí nọ́ńbà náà ti jáde. Bí o bá dúró di àárọ̀ ọjọ́ náà, orí ìlà lo máa wà nígbà tí wọ́n bá ń pe orúkọ rẹ ní tíátà.

Lẹ́yìn náà, mú ìwé funfun kan, kọ nǹkan wọ̀nyí sí i gàdàgbà gàdàgbà: orúkọ rẹ bó ṣe wà lórí káàdì, nọ́ńbà káàdì, irú ẹ̀jẹ̀, oògùn tí ara rẹ kò gbà, oògùn tí o ń lò, àti nọ́ńbà fóònù èèyàn méjì. Orúkọ orí káàdì ni mo wí o. Ní ilẹ̀ wa níbí, èèyàn lè jẹ́ orúkọ ìjọ lórí káàdì, kó jẹ́ Ìyá Táyọ̀ ládùúgbò, kí ìyá rẹ̀ sì máa fi oríkì pè é. Mo rí bàbá kan tó wá ìyàwó rẹ̀ káàkiri wọ́ọ̀dù mẹ́ta, tó sì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn ibi tó wà lẹ́ẹ̀mejì, torí pé orúkọ tó ń bi àwọn nọ́ọ̀sì kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ owó ló kàn. Obìnrin kan wà tí wọ́n gbé jáde ní tíátà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, n kò ní sọ ibi tó jẹ́. Dókítà kọ oògùn tí wọ́n gbọ́dọ̀ rà lóru. Owó wà, ó pé pérépéré, àmọ́ inú fóònù obìnrin náà ló wà, òun nìkan ló mọ píìnì rẹ̀, oorun oògùn sì ti gbé e lọ. Àbúrò rẹ̀ ń fi àtàǹpàkò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tẹ fóònù náà níbi tó sùn sí. Kò ṣí, torí pé ọwọ́ náà ti tutù, ó sì ti gbẹ. Nọ́ọ̀sì kan ló yá wọn lówó. Ìwọ, kó owó sọ́nà méjì: fi èyí tó pọ̀ sínú àkáǹtì ẹni tí o fọkàn tán, tí á wà nítòsí, tó sì mọ tráńsífà ṣe, kí ìyá rẹ mú owó gidi dání, kéékèèké, nínú àpò tó ń so mọ́ ìdí. Ẹ̀rọ POS tó wà nílé ìwòsàn kì í ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì nígbà tí èèyàn nílò rẹ̀ jù. Ẹ ra nóòtù kékeré kan àti bírò. Gbogbo ohun tí ìyá rẹ bá rà, kó kọ ọ́ sí i tàbí kó ní kí ẹnì kan bá òun kọ ọ́, kó fi rìsíìtì há àárín rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ dá yín sílẹ̀, ìwé yẹn ló máa gbẹnu sọ fún yín.

Iye nǹkan tí ẹ máa kó dání wà lọ́wọ́ ibi tí ẹ ń lọ. O kò sọ ilé ìwòsàn fún mi. Bó bá jẹ́ Kàbà níbẹ̀, ọmọ kan lè sáré lọ sílé mú ohun tí ẹ gbàgbé wá. Bó bá jẹ́ ilé ìwòsàn ECWA ní Ẹ̀gbẹ̀, tàbí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Lọ́kọ́ja tàbí ní Ìdó-Èkìtì, tàbí ti Yunifásítì Ìlọrin lọ́hùn-ún ní Òkè-Ose, ẹ di ohun tó lè gbé yín fún ọ̀sẹ̀ kan, kí dókítà tiẹ̀ wí pé ọjọ́ mẹ́rin. Ẹ̀yin náà mọ ọ̀nà wa. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa bọ́ sójú títì lálẹ́ torí ìró méjì.

Ẹ̀jẹ̀ nìkan ni kò ṣeé dì sínú àpò, òun sì ló lè dá iṣẹ́ náà dúró ju ohunkóhun lọ. Ìjù jẹ́ ohun tí ẹ̀jẹ̀ ń lọ sínú rẹ̀ dáadáa, nítorí náà wọn kì í sábà bẹ̀rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ wà nílẹ̀. Béèrè iye páìnì tí wọ́n ń fẹ́, kí o sì rán àwọn tó máa fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ lọ sí báǹkì ẹ̀jẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹni tó bá wà láàárín ọdún 18 sí 65, tó tó kílò 50, tí ara rẹ̀ sì dá ṣáṣá ni wọ́n ń wá. Ọkùnrin tó ti fi sílẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró oṣù mẹ́ta, obìnrin oṣù mẹ́rin, kó tó tún fi sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà lè pẹ́ tó ọjọ́ 35 nínú fíríìjì wọn, nítorí náà má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ó ti yá jù. Mú èèyàn mẹ́rin lọ bí o bá ń wá méjì, nítorí láàbù máa ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wọn, wọ́n á sì dá àwọn kan padà. Ẹni tí wọ́n bá dá padà, má bi í ní ìdí rẹ̀ níwájú ẹbí.

Wàyí o, ohun tó ń lọ sínú àpò. Mú ìró mẹ́rin, àǹkárá tó ti gbó, tó ti rọ̀, tí kò ní dùn ọ́ bí ẹ̀jẹ̀ bá kán sí i. Fi lèésì sílé. Mú bùbá méjì tàbí mẹ́ta tí apá wọn fẹ̀ dáadáa, tàbí aṣọ ìwọ̀sùn tó ní bọ́tìnnì níwájú. Ìdí tí mo fi ní kí apá fẹ̀ nìyí: bí wọ́n bá fẹ́ pààrọ̀ aṣọ fún ọ nígbà tí dírípù ṣì wà lọ́wọ́, ike dírípù gan-an ló máa kọ́kọ́ gba inú apá aṣọ kọjá, kí ọwọ́ rẹ tó tẹ̀ lé e. Nọ́ọ̀sì lè wà nídìí iṣẹ́ mìíràn lọ́jọ́ náà, nítorí náà kọ́ ìyá rẹ nílé: kí o na ọwọ́ kan, kó mú ìgò omi kan bí ẹni pé dírípù ni, kó ti ìgò náà gba inú apá bùbá kọjá, kó wá fa apá náà gun ọwọ́ rẹ. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó máa rántí.

Pátá mẹ́fà, kó tóbi ju èyí tí o ń wọ̀ lọ, kí rọ́bà rẹ̀ ga dé ìdodo. Ojú ọgbẹ́ iṣẹ́ abẹ ìjù sábà máa ń wà nísàlẹ̀ ikùn, ibi tí rọ́bà pátá kékeré ń jókòó sí gẹ́lẹ́. Páàdì tó gùn, páálí méjì, nítorí ẹ̀jẹ̀ lè máa rọra wá nísàlẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Èyí kò tọ́ sí ìpayà, àmọ́ bí páàdì bá ń kún láàárín wákàtí kan, kí ìyá rẹ pe nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀, kó má dúró de àárọ̀.

Sílípáàsì rọ́bà tí kì í yọ̀. Wọ́n máa ní kí o dìde rìn láìpẹ́, nígbà mìíràn lọ́jọ́ kejì, kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì sí ọ lẹ́sẹ̀. Ara rẹ ò ní fẹ́. Dìde.

Bọ́kẹ́ẹ̀tì kan, abọ́ kan, kẹ́ẹ̀gì omi kékeré torí pé ẹ̀rọ omi lè má yọ, tíṣù, ọṣẹ, kàìnkàìn tuntun, búrọ́ọ̀ṣì tàbí pákò, fúláàsì omi gbígbóná, ife, ṣíbí, òrí díẹ̀ fún ètè tó bá gbẹ. Mú sítírọ̀ tí èèyàn fi ń mu omi. Ó máa wúlò nígbà tí o kò bá tíì lè gbórí sókè. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, bí wọ́n bá gbà á láyè. Pawa báǹkì tó ti kún. Bó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́, súẹ́tà àti ìbọ̀sẹ̀, torí pé tíátà máa ń tutù, o sì lè máa gbọ̀n nígbà tí o bá jí.

Mo fẹ́ kí o fi ìrọ̀rí kékeré kan kún un, irú èyí tí wọ́n ń gbé sórí àga. Bí ikọ́ bá mú ọ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, tàbí o fẹ́ sín, tàbí o fẹ́ dìde jókòó, fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ìrọ̀rí náà mọ́ ojú ọgbẹ́, kí o tó wúkọ́. Àwọn tí kò ní i máa ń pa ikọ́ mọ́ra torí ìrora, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á wá dì sí wọn láyà, ibẹ̀ ni àyà dídùn àti ibà ti ń wọlé.

Ohun tó yẹ kí o fi sílé: wúrà, aago, òrùka, yẹtí. Irin tí wọ́n fi ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró ní tíátà ń lo iná mànàmáná, wọn kò sì fẹ́ irin kankan lára rẹ. Bí òrùka ìgbéyàwó bá ti há, fi ọṣẹ yọ ọ́ nílé, má dúró dìgbà tí wọ́n á fi irin gé e. Bí o bá wọ ìlẹ̀kẹ̀ ìdí, bọ́ ọ. Mo rántí ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ búlúù kan tó já lábẹ́ sísọ́ọ̀sì mi ní tíátà, tó fọ́n ká sílẹ̀, tí gbogbo wa ń kúnlẹ̀ ṣà á kí dókítà tó wọlé má baà tẹ̀ ẹ́ yọ̀. Obìnrin náà ti sùn, kò mọ̀. Àwa mọ̀.

Pa ọ̀dà èékánná rẹ́. Ohun kékeré kan wà tí wọ́n ń há mọ́ ìka láti mọ bí atẹ́gùn ṣe ń wọnú ẹ̀jẹ̀ rẹ. Iná ló ń tàn gba inú ìka kọjá, ọ̀dà sì lè dí i. Láàlì pẹ̀lú, má lé e lọ́sẹ̀ yìí. Má di ṣùkú: orí rẹ máa wà lórí bẹ́ẹ̀dì, irun tó bá kó jọ sí àtàrí tàbí ìpàkọ́ á máa tì í. Irun tó tẹ́ pẹlẹbẹ ni kí o dì. Má sì fá abẹ́ fúnra rẹ. Mo mọ̀ pé àwọn ẹ̀gbọ́n máa ní kí o "múra sílẹ̀", ṣùgbọ́n abẹ ìfárí ń ṣá awọ ara láìṣe é rí, ibẹ̀ ni kòkòrò ń gbà wọlé. Bó bá pọn dandan, ẹ̀rọ ni wọ́n máa fi gé e níbẹ̀. Kí o fi ọṣẹ wẹ̀ dáadáa ní alẹ́ àti ní àárọ̀, ó tó.

Ó ku ohun tí o lè máa tijú láti sọ. Mo mọ̀ pé obìnrin tó ní ìjù ní ìlú wa kì í ṣaláìmu àgbo kan tàbí òmíràn. Gbé ìgò náà dání, tàbí kí o kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tí o mu ún kẹ́yìn. Dókítà ò ní bá ọ jà. Àwọn àgbo kan, pàápàá èyí tí aáyù àti atalẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, lè jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa ṣàn ju bó ṣe yẹ lọ, aspirin náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti àtọ̀gbẹ, má dá a dúró fúnra rẹ, má sì dá a lò láàárọ̀ náà. Béèrè ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ dókítà tó máa fún ọ lóògùn oorun. Bí ibà tàbí ikọ́ bá mú ọ kí ọjọ́ náà tó pé, pè wọ́n, má pa á mọ́ra.

Bẹ́ẹ̀ náà ni oúnjẹ. Ohun tó bá wà nínú ikùn lè gòkè wọ ẹ̀dọ̀fóró nígbà tí èèyàn bá sùn lábẹ́ oògùn. Ó kéré tán, má jẹun ní wákàtí mẹ́fà tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ náà, má sì mu omi lásán ní wákàtí méjì tó ṣáájú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn máa ń ní kí o má jẹ nǹkankan láti ọ̀gànjọ́ òru, ohun tí wọ́n bá sọ ni kí o tẹ̀ lé. Ẹ̀kọ mímu jẹ́ oúnjẹ o! Ìyá kan fún ọmọ rẹ̀ ní ife ẹ̀kọ kan ní aago mẹ́fà àárọ̀, ó ní "kò jẹ nǹkan kan, ẹ̀kọ nìkan ló mu." Wọ́n sún iṣẹ́ náà síwájú lọ́jọ́ yẹn, ó sì jẹ́ pé wọ́n ti wá láti ọ̀nà jíjìn. Sọ fún ìyá rẹ báyìí. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, dókítà ló máa sọ ìgbà tí ẹ máa bẹ̀rẹ̀, omi ni, lẹ́yìn náà ẹ̀kọ. Àwọn èèyàn máa gbé iyán wá, o mọ̀ wá, ẹni tí kò gbé iyán wá kí aláìsàn dà bí ẹni tí kò wá rárá. Kí ìyá rẹ gbà á, kó dúpẹ́, kó jẹ ẹ́.

Nítorí òun náà ní àpò tirẹ̀. Lẹ́yìn tí o bá ti di tìrẹ, bá a di tirẹ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ tó máa tó ọ̀sẹ̀ kan, nínú ike tirẹ̀. Mo ti wọn ẹ̀jẹ̀ àwọn ìyá tó wá tọ́jú ọmọ, tí ó ga ju ti aláìsàn lọ, torí pé wọ́n gbàgbé oògùn sílé. Bùbá àti ìró tí kò ní yọ ọ́ lẹ́nu láti sùn lórí àga. Ẹní tàbí aṣọ ìbora, àmọ́ ẹ béèrè bí wọ́n bá gbà kí olùtọ́jú tẹ́ nǹkan sílẹ̀. Bàtà tó lè fi sáré láti wọ́ọ̀dù dé láàbù, dé famasí, padà. Gíláàsì ojú rẹ̀. Fóònù rẹ̀ pẹ̀lú ṣájà. Kí ẹnì kan wá gbà á sílẹ̀ ní ọjọ́ kẹta, kó lè wẹ̀ kó sì sùn. Yàn án báyìí, má dúró títí tó fi rẹ̀ ẹ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá yín sílẹ̀, ẹ tètè gbéra kí ilẹ̀ tó ṣú. Jókòó síwájú, ti àga sẹ́yìn díẹ̀. Mú ìrọ̀rí kékeré yẹn, gbé e sórí ikùn rẹ kí o tó fa bẹ́líìtì. Kí ìyá rẹ jókòó sẹ́yìn dírẹ́bà gan-an, kó máa fọwọ́ kàn án léjìká bó bá fẹ́ sáré dé ibi kòtò.